Bí A Ṣe Bá Ìyá Kétu Gun Òkè Ṣábẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ Ìdàáṣà dáadáa nítorí Àrígbó. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti dé, ẹ ó di ẹrù, ẹ ó wọ ọkọ̀, ẹ ó sun orí ẹní lẹ́bàá ihò àpáta Ìyá Wa Màríà, ẹ ó sì padà sílé. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yín bá tún lè rìn sí ìhà àríwá díẹ̀ sí i, ìrìn tí kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, ẹ ó dé ìlú mìíràn tí àpáta dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí bàbá ṣe ń dúró lẹ́yìn ọmọ. Ṣábẹ̀ ni ìlú náà. Ibẹ̀ ni àwa méjèèjì, tọkọtaya tí a ń kọ ìwé yìí sí yín, ń gbé, ibẹ̀ sì ni a fẹ́ mú yín lọ lónìí.

Ẹni tí kò bá tíì dé Ṣábẹ̀ rí, kí ó fi ojú inú wò ó báyìí. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, oko iṣu ni, oko kajú ni, igi òrí àti igi igbá sì dúró níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Lójijì, àpáta ńláńlá dìde láàárín ilẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan gbé wọn kalẹ̀ síbẹ̀ tó sì gbàgbé láti padà wá kó wọn. Kì í ṣe òkè tí igbó bò mọ́lẹ̀. Ara wọn ṣí sílẹ̀, ó rí rìbìtì, omi òjò sì ti fa ilà dúdú sí wọn lára láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn Faransé wò wọ́n títí, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ tó túmọ̀ sí ọmú. Nígbàkúùgbà tí àwọn ọmọ wa bá rí orúkọ yẹn nínú ìwé, wọn á fi ọwọ́ bo ẹnu, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ní tiwa, a kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti sá sí abẹ́ ọmú yìí tí ó sì rí ààbò.

Ní ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tí a bí àwọn òbí wa, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì a máa wá láti Àgbómẹ̀ láti kó ènìyàn lẹ́rú. Kétu ní odi, ó ní yàrà jíjìn tó yí ìlú ká, ó ní ẹnubodè Àkàbà Ìdènà tí ẹ ṣì lè rí títí di òní. Síbẹ̀, ní 1886, wọ́n fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ, ìlú náà sì di ahoro títí di ìgbà tí agbára Àgbómẹ̀ wó láàárín 1892 sí 1894, tí àwọn tó kù padà wá tún un kọ́. Ogun náà kò yọ Ṣábẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ní àpáta. Bàbá wa, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, a máa sọ fún wa pé ìyá ìyá òun wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n sá gun òkè náà lóru, àti pé gbogbo ìyá ọlọ́mọ ló fi ọmú sí ọmọ wọn lẹ́nu kí igbe má baà fi wọ́n hàn. Bí ó bá dé ibẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, a máa dákẹ́ díẹ̀, a máa wo ìhà òkè náà, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè oúnjẹ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwa tí a ń gbé ní ìdí òkè kì í gùn ún. Àwọn àgbà ní a kì í gbé létí odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́, ṣùgbọ́n ohun tí àwa ń ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn òyìnbó ń ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú okùn àti bàtà pàtàkì láti gùn ún. Àwa ń wò ó láti ojú fèrèsé nígbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí títí Ìyá Kétu fi pè wá lórí tẹlifóònù ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni, àkọ́bí ìyá wa. Kétu ni ó ti lọ́kọ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọdé ilé fi ń pè é ní Ìyá Kétu, tí wọ́n sì ń pe ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní Bàbá Kétu.

Ó ní, “Ní ọ̀sẹ̀ Àwọn Òkú, a ń bọ̀. A fẹ́ dé ojú oórì Bàbá àti Ìyá. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ gun òkè.”

A ní, “Òkè wo, Ìyá?”

“Òkè wo ni ó tún wà? Òkè ilé wa.”

Ọmọ ọdún 63 ni. A rò pé ó ń bá wa ṣeré. A bi í pé, “Orúnkún yín ńkọ́?” Ó ní, “Ṣé mo bi ọ́ nípa orúnkún ni?” Ó sì pa tẹlifóònù rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, ni wọ́n dé. Wọ́n gba Kóvè já sí Bohicon, wọ́n kọjá Ìdàáṣà, wọ́n sì dúró ní Glazoué lẹ́bàá ọ̀nà láti ra iṣu. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni í ra iṣu lọ sí Ṣábẹ̀? Ṣùgbọ́n àna kì í dé ilé àna lọ́wọ́ òfo. Ìyàwó ilé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé àwọn iṣu náà lọ bá ogójì tó ti wà ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Kétu wà pẹ̀lú rẹ̀, àbíkẹ́yìn wọn ọkùnrin tó ń kàwé ní Àjàṣẹ́ wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ méjì láti Kùtọnú tí Faransé yá ju Yorùbá lọ lẹ́nu wọn. A bu omi fún Ìyá Kétu mu. Ọmọbìnrin wa gbé ife náà sí i ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó kúnlẹ̀, ó ń dúró. Ìyá Kétu ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ, kò gba omi. Àfìgbà tí ife kan apá rẹ̀ ni ó tó yíjú. A rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀nà jìn.

Ní ọ̀la rẹ̀, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, a ti jí. A mu ògì pẹ̀lú àkàrà. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, a ti lọ kí àwọn àgbà àdúgbò tí ọ̀nà òkè gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi lórí àpáta ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láìgbàṣẹ, wọ́n sì ti fún wa ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wo ẹsẹ̀ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ológun ń wo ọmọ ogun. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Kétu, tó wọ bàtà aláwọ tó ń dán, ó gbọn orí. “Bàbá, ẹ má bínú. Eléyìí yóò bá yín ṣubú.” Bàbá Kétu bọ́ ọ, ó wọ bàtà rọ́bà ọmọ wa, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ jáde lẹ́yìn. Àwa mọ́kànlá ni a jáde.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà kò le. Ó gba àárín oko kọjá, koríko ga ju orí àwọn ọmọdé lọ, ìrì sì fi gbogbo aṣọ wa ṣòfò kí a tó rìn jìnnà. Nígbà tó yá, koríko dínkù, òkúta bẹ̀rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, òkúta tó tóbi bí ilé, tí ènìyàn ń gba àárín wọn kọjá. Lẹ́yìn náà ni àpáta gan-an, tí kò ní ẹ̀gún, tí kò ní igi tí ènìyàn lè dì mú. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ Kùtọnú. Wọ́n ní bí a ó ṣe dúró lórí rẹ̀ kò yé àwọn. Afinimọ̀nà wa kọ́ wa: ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ọmọ ìka nìkan tẹ̀ ẹ́, ẹ má tẹ ibi tó dúdú tí omi ń sun, nítorí ibẹ̀ ń yọ̀, bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ jókòó, ẹ má sáré. Òtítọ́ ni ó sọ. Àpáta gbígbẹ di ẹsẹ̀ mú ju bí a ti rò lọ. Láìpẹ́, àwọn ọmọ ti ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá gòkè bí alángbá, àwa àgbà sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn.

Ìyá Kétu kò mí hẹlẹhẹlẹ. Ó so ìró rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, ó ń wo iwájú gan-an. Orúnkún tí a ń bẹ̀rù kò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ibi tó tilẹ̀ tẹ́jú, ibi tí gbogbo wa ti ń rẹ́rìn-ín. Àlàfo kan wà láàárín àpáta méjì níbẹ̀, kò fẹ̀ ju ìbú apá lọ, ṣùgbọ́n ó jìn. Ọmọdé tó kéré jù fò ó. Ìyá Kétu ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlàfo náà wà ní òsì rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí òfuurufú bí ẹni pé ilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ó ti di apá rẹ̀ mú kí a tó lè ké. Eékún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde, a sì fi omi ike wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wa ń gbọ̀n ju tirẹ̀ lọ. Ohun tí ó sọ kò ju pé, “N kò rí i ni.” A dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú ẹni tí ẹ̀rù ti bà, pé báwo ni ẹ kò ṣe ní rí i, Ìyá, ihò tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ní ọ̀sán gangan? Kò fèsì. Bàbá Kétu kò sọ̀rọ̀. Ó kàn rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni a wá rántí pé láti ilé ni ó ti ń rìn ní òsì rẹ̀, àfi ní ibi tó tẹ́jú yìí tí ó dúró láti tún bàtà rọ́bà rẹ̀ wọ̀.

A kò tíì dé òkè nígbà tí a bá ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti lọ nǹkan lórí àpáta. Ẹ lè rí i kedere: kòtò gbọọrọ méjì tí ó rí bí ojú ọlọ, tí ara wọn dán ju àpáta tó yí wọn ká lọ. Àwọn ọmọ Kùtọnú béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin wa ní èdè Faransé pé ta ni ó gbẹ́ ẹ. Ó dá wọn lóhùn ní èdè Faransé, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ ní Yorùbá kí àwa náà lè gbọ́: “Kò sí ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìyá àwọn ìyá wa ló lọ ọkà níbẹ̀ títí ó fi jìn.” Ìyá Kétu kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ inú kòtò kan, ó ń fi wọ́n lọ, ó ń fi wọ́n bọ̀. Ó tún ìtàn Bàbá wa sọ fún àwọn ọmọ, ti ọmọ ẹ̀yìn àti ọmú àti òru. A ti gbọ́ ìtàn yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ ọ níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ gbé tẹlifóònù jáde láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó jẹ́ kí ó gbà á.

Oòrùn ti là dáadáa nígbà tí a dé orí òkè. Ọyẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní àkókò yẹn, òjò sì ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ gun òkè yìí kí ẹ lè ríran jìnnà, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni kí ẹ wá, ẹ má dúró de oṣù kìíní tí gbogbo nǹkan á rí bí ẹni wo inú omi ìyẹ̀fun. Ìlú Ṣábẹ̀ wà lábẹ́ wa, páànù orí ilé ń kọ mànà. Sí ìlà oòrùn ni ilẹ̀ ti ń lọ sí odò Okpara, tí ó pààlà láàárín àwa àti Nàìjíríà. Sí ìwọ̀ oòrùn ni ọ̀nà odò Ouémé. Láàárín ìlú, ojú irin tó ti Kùtọnú wá tó sì lọ sí Pàràkú là á kọjá.

Ọkọ̀ ojú irin kò kó èrò kọjá níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà èwe wa, bí fèrè ọkọ̀ bá ti dún, gbogbo ọmọ tó ní igbá lórí á sáré lọ sí ibùdókọ̀. Ìyá Kétu ń ta ẹyin sísè àti ọsàn. Ó mọ bí a ti ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ tó ti ń lọ kí a lè gba owó tó kù lọ́wọ́ èrò. Owó ìwé àwa àbúrò rẹ̀ ti inú igbá yẹn jáde. A kì í sọ èyí níwájú rẹ̀, nítorí kì í fẹ́.

Ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìlú. Bí ó ti ń wò ó ni a kò ní gbàgbé. Kì í yí ojú. Gbogbo orí ni ó ń yí, díẹ̀díẹ̀, láti ibì kan dé ibì kejì, bí ẹni tí ń wo òde láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó ní, “Ibùdókọ̀ nìyẹn.” Òtítọ́ ni. “Ilé ìjọsìn nìyẹn.” Òtítọ́ ni. Ó rí wọn ní ọ̀nà jíjìn tí àwa tí a wọ awò ojú kò tètè rí wọn. Ó wá ní, “Ilé wa dà?” A na ìka sí i. Kò tẹ̀lé ìka wa. Ó ń wo iwájú, ilé wà ní òsì. A tún nà án. Ìgbà náà ni Bàbá Kétu rọra fi ọwọ́ di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí orí rẹ̀ sí òsì, ó sì dúró. “Ó ti tó,” ni obìnrin náà wí. “Mo ti rí i.” Ó sì wo ilé Bàbá wa fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí ó jókòó ti àwọn ọmọ láti jẹ àkàrà tó kù, Bàbá Kétu pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ ọ́ fún wa. Àrùn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glókóòmù ni. Agbára omi inú ojú pọ̀ jù, ó ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, iṣan náà sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó kọ́kọ́ ń jẹ, kì í fọwọ́ kan àárín títí ó fi pẹ́, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè máa ka ìwé, kí ó máa rí ibùdókọ̀ láti orí òkè, kí ó má sì rí ihò tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ti lọ kì í padà. Oògùn tí à ń kán sí ojú lójoojúmọ́ lè ṣọ́ èyí tó kù. Ọdún méjì ni ó ti mọ̀, tí ó ní kí ọkọ òun má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ó tó mọ̀, ọdún kan ni ó fi ra oògùn ojú lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri ọjà, tí ó sọ fún un pé eruku ni.

A rántí Ọdún Àjíǹde tó kọjá, nígbà tí a lọ sí Kétu, tí ó fi ìgbọ̀nwọ́ da abọ́ ọbẹ̀ nù sórí tábìlì. A rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ sọ pé àgbà ti dé. Òun náà rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá rò pé gígun òkè le, kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 11, tí kò gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ àgbà, ni ó lọ dúró síwájú Ìyá Kétu fúnra rẹ̀ tí ó ní, “Ìyá, ẹ di èjìká mi mú.” Níbi tó dà gẹ́rẹ́ jù, Ìyá Kétu ní òun kò ní dúró bí ajá tí ẹ̀rù ń bà. Ó jókòó, ó di ìró rẹ̀ mú, ó sì fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, pẹ̀lú ẹ̀rín tí a gbọ́ dé ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ Kùtọnú tẹ̀lé e. Bàbá Kétu wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kankan nítòsí, òun náà jókòó.

Ní ọ̀sán, a lọ sí ojú oórì, a ro koríko ibẹ̀, a tan àbẹ́là. Lẹ́yìn náà ni ilé dáná.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ó tọ́ sí i. Iṣu làbókò ni, tuntun, èyí tí kò sí irú rẹ̀ fún iyán ní gbogbo agbègbè Òkè wa. (Iṣu Glazoué náà wọ inú ìkòkò, ìyàwó ilé rí i dájú pé Bàbá Kétu rí i bí ó ṣe wọ ibẹ̀.) Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti irú. Màlúù wà, tí a ti fi iná wẹ́ẹ́rẹ́ sè láti òwúrọ̀ títí ó fi rọ̀. Wàgásì wà, wàrà dídì àwọn Fúlàní, tí a ti fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa, tí a gé sí wẹ́wẹ́ tí a sì dín. Ẹtù méjì tí àwọn ará Kétu gbé wá wà. Àbúrò wa ọkùnrin ti Pàràkú dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọsàn ìbẹ́pẹ mẹ́ta. Ẹmu wà fún ẹni tó bá fẹ́, sódábì díẹ̀ sì wà nínú ìgò kékeré fún ẹni tó bá ti ní ọgọ́ta ọdún, èyí tó túmọ̀ sí Bàbá Kétu nìkan, nítorí ìyàwó rẹ̀ kì í mu ún.

Nígbà tí iṣu jinná, obìnrin mẹ́ta dúró yí odó ká. Ìyá Kétu gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyàwó ilé. A wo ara wa. Ẹ̀yin obìnrin mọ̀ pé kí ọmọ odó mẹ́ta máa wọ odó kan kì í ṣe ohun eré. Bí ọ̀kan bá ṣi àkókò, ọmọ odó á kan ọmọ odó, tàbí kí ó kan ọwọ́. Kò sí ẹni tó lè gba á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, kò wo inú odó rárá, ó ń gbọ́ ọ. Ọmọ odó rẹ̀ ń bọ́ sí àárín ti àwọn yòókù gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní ìgbà tí ó jẹ́ ọmọge nínú àgbàlá kan náà. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó ti Pàràkú, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ni ó kọ́kọ́ ní ó rẹ òun.

A tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, èyí tí a máa ń tọ́jú fún ọjọ́ ìsàmì. A jẹun. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní ilé Yorùbá. Bàbá Kétu ni ó dá ẹnu sílẹ̀. Tíṣà kì í gbàgbé iṣẹ́. Ó ní nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, a sọ bí àwọn ọmọ ọba ṣe pín ogún: Alákétu jogún adé, ọba Ṣábẹ̀ sì jogún màlúù. Nítorí náà, kí gbogbo ènìyàn rántí ẹni tí ó wà níbi tábìlì yìí.

Àbúrò wa mú eegun kan, ó fà á mu dáadáa, ó ní, “Bàbá, adé yín dára. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbé e wá? Ẹ fi bọ ọbẹ̀ kí a rí i.”

Ẹ̀rín gba ilé kan. Àwọn ọmọ Kùtọnú ní kí a tún un sọ fún àwọn ní Faransé, ṣùgbọ́n kò dùn tó bẹ́ẹ̀ ní Faransé.

Àwọn ọmọ ti sùn sórí ẹní nígbà tí Ìyá Kétu fọ ọwọ́ rẹ̀ tí ó sì pè wá, àwa ọmọ ìyá rẹ̀ méjèèjì, ní orúkọ tí ìyá wa fi ń pè wá. Ó ní òun mọ̀ pé ọkọ òun ti sọ̀rọ̀ lórí òkè. Ó dára. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò sọ, nítorí òun ní kí ó fi í sílẹ̀ fún òun. Dókítà sọ pé àrùn yìí a máa rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní in, ó yẹ kí ó lọ yẹ ojú ara rẹ̀ wò, bí kò tilẹ̀ dun ún, nítorí kì í dunni.

Ó ní, “Mo fẹ́ sọ ọ́ lórí tẹlifóònù nígbà mẹ́ta. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ní màá wá, màá wo òkè wa nígbà tí mo ṣì lè wò ó, màá sì sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti yó.”

Àbúrò wa fẹ́ fi í ṣe àwàdà, ó ní ojú òun mú bí ti àṣá. Ó wò ó, gbogbo orí rẹ̀ ni ó yí sí i. Ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, wọ́n wọ ọkọ̀. A di iṣu ogún fún wọn, a sì fi wàgásì sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwa méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú. Wọ́n wọn agbára omi inú ojú wa, wọ́n tan iná sí i, wọ́n wo iṣan tó wà lẹ́yìn. Kò pẹ́, kò dunni. Wọ́n ní ojú àbúrò wa dára, kí ó padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Wọ́n ní kí àwa jókòó. Ojú òtún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní, ṣùgbọ́n a tètè dé.

Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, tẹlifóònù á dún láti Kétu. Kì í kí wa pẹ́ mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

“Ṣé o ti kán an?”

“A ti kán an, Ìyá. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi náà ti kán an.” Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bóyá òjò rọ̀ sórí òkè lónìí.